Máàpù Tí Jesse Yà

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé ọwọ́ tó mọ nǹkan yà ti tó láti fi ṣe tíṣà. Mo ti rí ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ já fáfá ju ẹ̀rọ lọ, ṣùgbọ́n tí orí rẹ̀ ṣófo bí agolo mílíìkì tí wọ́n ti lá tán. Jesse Akínbọ̀wálé lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Oǹdó ni, àdúgbò Yaba nílùú Oǹdó ni wọ́n bí i sí, ó sì ṣe tíṣà lábẹ́ mi ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀bà-Ilé, lẹ́bàá Àkúrẹ́, nígbà tí mo jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé náà. Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. N kò ní ọ̀gá tí mo ń bẹ̀rù mọ́, nítorí náà mo lè sọ ọ́ bó ṣe rí gan-an.

Kí Jesse tó di tíṣà, ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ló ní nílùú Oǹdó, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di olùkọ́. Tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wọ̀nyẹn bá ń lọ fi iṣẹ́ dánra wò láwọn ilé-ìwé káàkiri, wọ́n gbọ́dọ̀ mú àwòrán dání tí wọn yóò fi kọ́ ara ògiri kíláàsì: àwòrán eyín, àwòrán iná ojú títì, máàpù. Òfin sọ pé àwọn fúnra wọn ni kí wọ́n yà á. Ta ló ń tẹ̀ lé òfin? Ọ̀dọ̀ Jesse ni gbogbo wọn ń rọ́ lọ. Jesse á yà á, àwọn á kọ orúkọ ara wọn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, ẹni tó wá yẹ̀ wọ́n wò á kan sáárá sí wọn, wọ́n á sì di olùkọ́. Àwọn tí a wá ń kó ọmọ lé lọ́wọ́ nìyẹn.

Máàpù ìpínlẹ̀ Oǹdó ló sọ Jesse di olókìkí. Ó kan àpótí kan, ó fi dígí bo orí rẹ̀, ó fi gílóòbù sínú rẹ̀. Tó bá tan iná, á tẹ́ máàpù kan tó fà ya nínú ìwé àtijọ́ sórí dígí náà, á tẹ́ aṣọ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e lórí. Ìlà á máa hàn láti ìsàlẹ̀, òun á sì máa fi máákà tọ̀ ọ́ lọ bí ọdẹ tó ń tọ ipasẹ̀ ẹran. Lẹ́yìn náà ni yóò kùn ún lọ́dà: àwọ̀ ewé fún igbó, búlúù fún òkun Ìlàjẹ, pupa fún Àkúrẹ́ nítorí pé ibẹ̀ ni ìjọba wà. Lẹ́tà rẹ̀ á gún régé. Bí ẹ bá rí i, ẹ̀yin náà á yìn ín.

Lọ́jọ́ kan, ó dojú ìwé náà dé lórí dígí kó tó tẹ́ aṣọ lé e. Bóyá oorun ló ń kùn ún ni o, bóyá ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ló ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ, èmi ò mọ̀. Iná là á kọjá, ó tọ gbogbo ìlà rẹ̀ pé. Orúkọ àwọn ìlú ń hàn sí i lódì, lẹ́tà ń rìn sẹ́yìn bí akàn. Jesse rí i. Kò béèrè ohun tó fà á. Ó kàn tún orúkọ náà kọ síbẹ̀ bó ṣe yẹ kó rí, ó sì kùn ún lọ́dà.

Bí Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ṣe ṣí lọ sí ìwọ̀-oòrùn nìyẹn. Bí ìlú Oǹdó, níbi tí wọ́n ti sọ ọ́ lórúkọ, ṣe ṣí lọ sí ìlà-oòrùn nìyẹn, lọ́wọ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Òkun nìkan ni kò kúrò ní gúúsù. Nígbà tí ìwé àtijọ́ yẹn wá gbó tó ya, aṣọ tó yà lódì yìí ló sọ di ìyá, ara rẹ̀ ló ti ń ya gbogbo ìyókù. Wọ́n kó o lọ sí ilé-ìwé Oǹdó, wọ́n kó o wọ Àkúrẹ́. Ọmọ ń wò ó, tíṣà ń fi ọ̀pá tọ́ka sí i, alábẹ̀wò ń fọwọ́ sí i. Kò sẹ́ni tó pariwo.

Èmi pariwo. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó wá fi iṣẹ́ dánra wò, tó ń jẹ́ Ayọ̀kúnlé, ló kọ́kọ́ gbé e wọ ilé-ìwé mi. Mo dúró síwájú rẹ̀, mo wò ó, mo tún wò ó.

Mo ní, “Ayọ̀kúnlé, Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ńkọ́? Apá ibo ló wà sí wa níbí?”

Ó ní, “Ó wà lórí máàpù, mà.”

“Mo ní apá ibo ló wà sí ibi tí èmi àtìẹ dúró sí yìí.”

Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀. “Mà, mọ́tò ni mo máa ń wọ̀.”

Mo ní kó ká aṣọ rẹ̀, kó dá a padà fún ẹni tó yà á, kó sì sọ fún un pé ó ti yí ìpínlẹ̀ wa sódì. Ọjọ́ kejì ló mú èsì dé. Jesse ní kí wọ́n kí màmá náà, kí wọ́n sọ fún un pé àwọ̀ ni àwọn alábẹ̀wò ń wò, wọn kì í wo ọ̀nà. Mo pòṣé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ èmi àti ẹni yẹn ti parí.

Kò parí. Ìjọba gba olùkọ́ tuntun. Jesse náà ti jókòó sí kíláàsì àwọn tó ń yàwòrán fún, ó ti gba ìwé-ẹ̀rí níbẹ̀, ó sì ní àbúrò bàbá kan tó lẹ́nu nínú òṣèlú. Àárọ̀ ọjọ́ Mọ́ńdè kan ni mo rí ọkùnrin gàgàrà kan tó wọ bàtà ẹlẹ́nu ṣónṣó, tó fi lọ́fíńdà bo òórùn òógùn àná tó wà lára aṣọ rẹ̀. Ó tẹríba díẹ̀ kí mi, ó na lẹ́tà sí mi. Mo ka orúkọ náà. Mo tún un kà lẹ́ẹ̀kan sí i.

Mo ní, “Ṣé ẹ̀yin ni Jesse tó ń ya máàpù nítòsí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́, ní Oǹdó?”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó rò pé mo fẹ́ yìn ín. “Èmi ni, mà. Òkìkí ti dé Àkúrẹ́?”

Kíláàsì kẹrin ni àyè wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ bí a ṣe ń ka máàpù, tí wọ́n á sì fi ẹnu ara wọn ṣàpèjúwe ohun tó wà nínú rẹ̀. Kò sí ibòmíràn tí mo lè fi í sí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, ó ti kọ́ aṣọ rẹ̀ sára ògiri, ó ti gbẹ́ ọ̀pá kan tó ń dán, ó ń kọ́ wọn.

Mo lọ jókòó sẹ́yìn kíláàsì. Ẹ gbọ́ ẹ̀kọ́ o.

“Kí ni èyí?” Ó fi ọ̀pá kan aṣọ.

“Ọ̀wọ̀!”

“Kí ni èyí?”

“Àkúrẹ́!”

“Ẹ pa àtẹ́wọ́ fún ara yín!”

Wọ́n pa àtẹ́wọ́. Ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ ti há a sórí bí orin, àwọn mìíràn ò tilẹ̀ wo ògiri mọ́, wọ́n ń wo alángbá lójú fèrèsé, wọ́n sì ń dáhùn dáadáa. Nígbà tó sinmi, mo pe ọmọkùnrin kan tó ń jẹ́ Kìtán. Mo ní kó wo máàpù yẹn, kó ṣàpèjúwe fún mi bí èèyàn ṣe lè ti Àkúrẹ́ dé Oǹdó.

Kìtán dìde. Ó wo aṣọ náà pẹ́. Ó ní, “A ó kúrò níbi pupa, a ó wá wọ ibi yẹ́lò.”

“Tí a bá dé ibi yẹ́lò ńkọ́?”

“A ó pa àtẹ́wọ́, mà.”

Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Jesse náà rẹ́rìn-ín, èyí tó dùn mí jù nìyẹn. Mo dìde, mo sọ fún un lójú àwọn ọmọ, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ olùkọ́, pé, “Ọ̀gbẹ́ni Akínbọ̀wálé, láàárọ̀ ọ̀la, ẹ kó wọn bọ́ sí pápá. Ẹ mú máàpù yín dání. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n fi wá ibi tí ìlú wà.”

Ó ní, “Sílẹ̀, mà? Á dọ̀tí.”

Mo ní kó dọ̀tí.

Ilé-ìwé wa kò ní ọgbà nígbà náà, pápá ni títí dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Oòrùn àárọ̀ ti yọ, ó wà lọ́ọ̀ọ́kán níhà Ọ̀gbẹ̀sẹ̀, ibi tó ti máa ń yọ láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Àwọn ọmọ yí aṣọ náà ká. Ṣìkẹ́mi, tíṣà kíláàsì kẹta, jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ tirẹ̀ láti wòran. Jesse dúró láàárín, ó ń nu òógùn, bẹ́ẹ̀ ara ilẹ̀ ṣì tutù.

Mo ní, “Ẹ̀yin ọmọ, ibo ni Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ wà?”

Gbogbo wọn nawọ́ sí oòrùn. Wọn kò tilẹ̀ rò ó. Ọ̀pọ̀ nínú wọn, oko òbí wọn wà lójú ọ̀nà yẹn, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń bọ̀ pẹ̀lú iṣu lórí ní ọjọ́ Sátidé.

“Ó dáa. Ẹ yí máàpù náà títí tí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ inú rẹ̀ náà yóò fi kọjú síbẹ̀.”

Wọ́n dì í mú ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, wọ́n yí i. Wọ́n yí i títí Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ fi kọjú sí oòrùn. Inú wọn dùn. Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin kan, Bọ́látitó, tí èdè Àkúrẹ́ ṣì kún ẹnu rẹ̀, na ìka sí búlúù. Ó ní, “Ulé ẹ̀gbọ́n ìyá mi wà l'Ékìtì, apá ibẹ̀ yẹn ni. Òkun ti wọ ulé wọn!”

“Òkun ti dé Èkìtì!” Àwọn ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè.

Jesse ní, “Ẹ dákẹ́! Ẹ ò dì í mú dáadáa ni.”

Ó tẹ̀ ba, ó yí i fúnra rẹ̀. Ó dá òkun padà sí gúúsù, ó nà tán, ó fi ọwọ́ gbọn ṣòkòtò. Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ti kọ̀yìn sí oòrùn, ó ti lọ sí ọ̀nà Iléṣà. Àwọn ọmọ ní, “Rárá o, sà!” Ó tún yí i. Òkun tún gòkè. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ń rìn yí i ká bí ajá tó fẹ́ sùn. Gbogbo bó ṣe ń yí i, kò lè bá ayé mu, nítorí pé kò sí bí a ṣe lè yí irọ́ tí yóò di òótọ́. N kò ràn án lọ́wọ́. Mo ká ọwọ́ gbera, mo ń wò ó. Bí mo bá sọ pé àánú rẹ̀ ṣe mí, irọ́ ni mo pa.

Atẹ́gùn ló bá a parí rẹ̀. Ó fẹ́ wá láti ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó gbé aṣọ náà, ó yí i dànù, ó sì dojú rẹ̀ dé sórí koríko. Máákà Jesse ti já sí ẹ̀yìn aṣọ, gbogbo ìlà àti ọ̀dà rẹ̀ ń hàn níbẹ̀ kedere. Àwọn ọmọ sáré dì í mú kó má baà fò lọ. Wọ́n tún un tẹ́ bó ṣe wà, wọ́n yí òkun sí gúúsù.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n ń wò ó.

Kìtán ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. “Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ti padà síbi oòrùn.”

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìlú. Ọ̀wọ̀ wà níbi tó yẹ kó wà. Oǹdó wà lọ́nà tí àwọn mọ́tò Oǹdó ń gbà lọ. Èkìtì gbẹ, òkun kò sí níbẹ̀. Bọ́látitó kúnlẹ̀, ó ń fi ìka tọ ọ̀nà náà láti Àkúrẹ́, ó ń sọ ọ́ bó ṣe ń lọ: a ó kúrò ní Àkúrẹ́, a ó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn àárọ̀, a ó yà díẹ̀ sí ọwọ́ òsì, a ó máa lọ títí a ó fi dé Oǹdó. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ. Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ tí mo ti wọ kíláàsì yẹn nìyẹn, ẹ̀yìn aṣọ ló ti wá jáde.

Ó wá gbójú sókè. “Ṣùgbọ́n sà, kí ló dé tí orúkọ wọn kọ̀yìn sí wa?”

Ẹni tó bá jẹ́ èèyàn, ibi tí yóò ti sọ pé, “Ọmọ mi, mo ṣe àṣìṣe,” nìyẹn. Àwọn ọmọ ì bá dárí jì í kí òwúrọ̀ tó parí. Jesse gbá aṣọ náà mú, ó ká a kíákíá. Ó ní, “Atẹ́gùn ti ba máàpù jẹ́. Gbogbo yín, ẹ kúnlẹ̀, ẹ nawọ́ sókè. Ariwo ti pọ̀ jù.”

Mo ní, “Ẹ dìde, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ bá Àǹtí Ṣìkẹ́mi lọ.” Mo kọjú sí i. “Jesse, tẹ̀ lé mi.”

Ẹ rí i, mo ti yọ “ẹ” kúrò níbẹ̀. N kò sì dá a padà títí dòní.

Nínú ọ́fíìsì, mo jókòó, n kò ní kó jókòó. Mo bi í pé láti ìgbà wo ló ti mọ̀ pé máàpù rẹ̀ lódì. Ó ní òun ò mọ̀. Mo rán an létí iṣẹ́ tí mo fi rán Ayọ̀kúnlé sí i. Ó ní òun rò pé ìjà ni mo ń bá òun jà, pé àwọn ọ̀gá ilé-ìwé kì í fẹ́ kí iṣẹ́ èèyàn gún. Mo ní, “Ìwọ tí wọ́n bí ní Oǹdó, tó ti wọ mọ́tò wá sí Àkúrẹ́ láìmọye ìgbà, o ò ronú kàn án rí pé ọ̀nà tó o gbà wá kò bá ohun tó o yà mu?”

 Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ nígbà tó dáhùn. “Mà, mi ò mọ̀ pé ibì kan gan-an ni.”

“Kí ni o kò mọ̀?”

“Máàpù. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Oǹdó, òkè lọ́hùn-ún ni wọ́n gbé e kọ́ sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán Jésù àti ti ààrẹ. Tíṣà á fi ọ̀pá tọ́ka sí i, a ó pariwo orúkọ. Mo rò pé àwòrán kan ni, bí òdòdó. Mo fẹ́ràn bó ṣe rí. Mi ò mọ̀ pé ilẹ̀ tí à ń rìn lórí rẹ̀ yìí ni.”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára, n kò ní purọ́. Fún ìṣẹ́jú kan, ọmọ kékeré kan ni mo rí, tó gbé ọrùn sókè tí ń wo ohun aláwọ̀ mèremère lára ògiri. Mo ní kó jókòó. Mo sọ fún un pé kò sí ìtìjú nínú àìmọ̀, pé Ṣìkẹ́mi mọ iṣẹ́ yìí, pé kó lọ máa jókòó sẹ́yìn kíláàsì rẹ̀ nígbà tó bá ń kọ́ àwọn ọmọ ní yíya ọ̀nà láti ilé wọn sí ilé-ìwé. Kó yà á pẹ̀lú wọn. Ó dúpẹ́. Omi lé sí i lójú.

Ó lọ lẹ́ẹ̀kan. Ṣìkẹ́mi sọ fún mi pé ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn kọjá tábìlì, ó sì ya ọ̀nà tirẹ̀, láti yàrá tó háyà dé ilé-ìwé, ó yà á dáadáa. Ọmọ kan tó jókòó tì í wá ní, “Sà, ẹ ti gbàgbé afárá.” Ó wò ó, òótọ́ ni, ó ti gbàgbé afárá tó ń gbà kọjá lójoojúmọ́. Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Jesse dìde, ó jáde, kò padà. Ó wá sọ fún mi pé Ṣìkẹ́mi kéré sí òun lọ́jọ́ orí, pé obìnrin sì ni, òun ò lè máa jókòó sábẹ́ rẹ̀. Àánú tí mo ní sí i gbẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí àìmọ̀ bá mú, a lè tú u sílẹ̀. Ẹni tó bá di àìmọ̀ mú fúnra rẹ̀ ńkọ́?

Àbúrò bàbá rẹ̀ bá a rìn, wọ́n gbé e padà sí Oǹdó kí táàmù tó parí. Ẹ wá wo àwọn tíṣà mi lọ́jọ́ tó ń lọ! Wọ́n ra mínírà, wọ́n gbàdúrà, wọ́n ní olùkọ́ àtàtà ń fi wá sílẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn sunkún. Jesse sọ̀rọ̀ ìdágbére, ó ní òun fi ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ Ọ̀bà-Ilé. Ó fẹ́ fi aṣọ máàpù rẹ̀ ta ilé-ìwé lọ́rẹ. Mo ní kó máa gbé e lọ.

Mo gbọ́ pé kò pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní Oǹdó náà. Wọ́n rí i pé ọwọ́ rẹ̀ dára, wọ́n mú un kúrò ní kíláàsì, wọ́n fi í sí ọ́fíìsì kan níbi tó ti ń kọ orúkọ sára ìwé-ẹ̀rí àti pátákó. Iṣẹ́ tó bá a mu nìyẹn, kò pa ẹnikẹ́ni lára níbẹ̀. Wọ́n ní ó ti sanra, wọ́n ní àwọn èèyàn ń pè é ní ọ̀gá.

Ṣìkẹ́mi ló gba kíláàsì kẹrin lẹ́yìn rẹ̀. Nínú táàmù tó tẹ̀ lé e, ó kó àwọn ọmọ náà rìn dé etí odò, wọ́n padà wá ya ohun tí wọ́n rí. Àwọn kan ya odò tó gun òkè, àwọn kan ya ṣọ́ọ̀ṣì tó tóbi ju ìlú lọ. Bọ́látitó ya ilé ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì nítorí pé ó fẹ́ràn rẹ̀. Ṣìkẹ́mi ń bi wọ́n ní ìbéèrè, àwọn náà ń pa á rẹ́, wọ́n ń tún un yà.

Ìyẹn ò bí mi nínú rárá. Ọmọ tó ṣe àṣìṣe tó sì pa á rẹ́, ọmọ ọ̀mọ̀wé ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn tíṣà tó ra mínírà fún un bi mí bóyá mi ò rò pé mo le jù mọ́ Jesse, mo wò ó tẹsẹ̀ torí. Mo ní kó nawọ́ sí apá ibi tí Oǹdó wà. Ó nawọ́ sí ara ògiri, níbi tí aṣọ yẹn wà tẹ́lẹ̀. Mo dìde, mo lọ to ìwé mi.